Dò-re-mí ilé ìwé: kí ló dé tí ti tíṣà Yorùbá kò bá ti tíṣà orin mu?

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè gbé oríṣi dò-re-mí mẹ́ta wálé. Tíṣà Yorùbá kọ́ ọ pé ohùn mẹ́ta ló wà nínú èdè wa: dò, re, mí. Tíṣà CCA, ìyẹn iṣẹ́ tí ètò ẹ̀kọ́ ìjọba kó orin, àwòrán yíyà àti eré ṣíṣe pọ̀ sí, kọ méje sí pátákó: d r m f s l t, ó wá fi d mìíràn tó ní àmì kékeré lórí kádìí rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá akọrin gbè sẹ́yìn tíṣà CCA, ṣùgbọ́n òun tún ní "orí G ni d wa wà lónìí." Bẹ́ẹ̀ fídíò tí ọmọ náà ń wò lórí fóònù màmá rẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé C ni do, kò sì níbi tó ń lọ.

Bí ọmọ bá wá bi yín pé ta ló ń parọ́ nínú wọn, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ìbéèrè rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Mo mọ àwọn àgbà akọrin tí wọ́n ti ń ka sol-fa, ìyẹn d r m inú orin, láti ọdún gbọ́nhan tí wọn ò lè dáhùn rẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó ń parọ́. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Dò-re-mí ti èdè ń sọ pé ohùn gòkè tàbí pé ó sọ̀ kalẹ̀, kò sọ bí ó ṣe gòkè tó. Ti orin ń sọ ibi tí ohùn ń lọ, ó sì tún ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó gẹ́lẹ́. Ti inú fídíò yẹn, orúkọ bọ́tìnnì kan pàtó lórí dùùrù ni.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ mọ́ ara wọn, nínú àlàyé yìí, dò, re, mí ni n ó máa fi kọ ti èdè. Ti orin, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni n ó fi kọ ọ́, d, r, m, bí àwọn akọrin ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Ohùn mẹ́ta inú èdè

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó wà lẹ́nu wa láti kékeré bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan bí igba. Bí ohùn rẹ̀ méjèèjì bá dúró sí àárín, iye 200 là ń sọ. Ẹ gbé ohùn kejì sókè, ó di igbá tí a fi ń bu omi. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó di igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹ rẹ méjèèjì sílẹ̀, ó di ìgbà òjò. Ẹ fi èkíní sísàlẹ̀ kí ẹ gbé ìkejì sókè, ó di ìgbá, èso tí àwọn mìíràn ń pè ní ikàn. Lẹ́tà kankan ò yí padà nínú gbogbo rẹ̀.

Kí ọmọ tó lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi etí mọ ohùn tó wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni dò-re-mí ti wúlò fún tíṣà Yorùbá. Ó ní kí ọmọ yọ ọ̀rọ̀ kúrò kó fi dò, re, mí rọ́pò rẹ̀. Èkó: dò mí. Ìbàdàn: dò dò dò. Abẹ́òkúta: re mí dò mí re. Ọmọ tó bá ti lè sọ ìyẹn láìkọsẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ àmì rẹ̀ tán, nítorí dò ló gba àmì tó da orí kọlẹ̀, mí ló gba èyí tó gbé orí sókè, re kò gba nǹkan kan. Ọ̀nà tó dára ni, n kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa bẹnu àtẹ́ lù ú.

Wàhálà dé nígbà tí tíṣà bá gbé kíbọ́ọ̀dù wọ kíláàsì Yorùbá. Ó rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé dò-re-mí náà ni, kí òun kúkú tẹ̀ ẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ọ dáadáa. Ó fi bọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní C ṣe dò, ó fi D ṣe re, ó fi E ṣe mí. Ó wá tẹ Abẹ́òkúta: D, E, C, E, D. Bí ẹ bá ní kíbọ́ọ̀dù nítòsí, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ̀gbá kan kì í pe ìlú rẹ̀ báyẹn, àfi bó bá ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó fà á nìyí. Àkọ́kọ́, nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí ìwọ̀n pàtó láàárín re àti mí. Ó lè fẹ̀ nígbà tí inú ń bí wa, ó lè fún pọ̀ nígbà tí oorun ń kùn wá. Èkejì, mí méjì tó wà nínú Abẹ́òkúta kò sí lójú kan náà. Bẹ́ ga ju kú lọ, nítorí pé dò tó wà láàárín wọn ti fa èyí tó tẹ̀lé e wálẹ̀ díẹ̀. Bí gbólóhùn bá gùn, dò kọ̀ọ̀kan á máa fà á wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí tí mí ìparí fi lè fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tí re wà níbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ tí gbogbo wa á ṣì gbọ́ ọ ní mí. Ẹ̀kẹta, ohùn wa máa ń yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Nígbà tí ẹ bá sọ "ìwé", wé kì í bẹ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gun òkè láti ibi tí ì fi í sílẹ̀ sí. Bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù kò mọ yíyọ̀ yẹn í ṣe. Dùndún mọ̀ ọ́n, nítorí ọwọ́ onílù lè fún okùn awọ tó yí i ká, kó sì dẹ̀ ẹ́, láìdá ohùn dúró. Tíṣà Yorùbá tó bá ń wá ohun èlò fún iṣẹ́ yìí, onílù kan ládùúgbò wúlò fún un ju kíbọ́ọ̀dù lọ.

Ohun kan ṣì kù. Mí bàbá olóhùn ńlá lè wà nísàlẹ̀ dò ọmọ ọdún mẹ́fà, síbẹ̀ bàbá àti ọmọ gbọ́ ara wọn yé. Kálukú ló ní òkè tirẹ̀ àti ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ti èdè àti ti orin ti jọra díẹ̀.

Méje inú orin

Ẹ padà sórí kíbọ́ọ̀dù, kódà bó jẹ́ ti ọmọdé tó ń lo bátìrì. Àwọn bọ́tìnnì dúdú wà ní méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta. Bọ́tìnnì funfun tó wà lápá òsì dúdú méjì, ẹ̀gbẹ́ wọn gan-an, ni C. Ẹ ti ibẹ̀ tẹ funfun mẹ́jọ tẹ̀ léra lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ohun tí ẹ gbọ́ yẹn ni d r m f s l t d'.

Ẹ wá wo àárín wọn. Dúdú kan wà láàárín d àti r. Dúdú kan wà láàárín r àti m. Láàárín m àti f, kò sí. Ó wà láàárín f àti s, s àti l, l àti t, ó sì tún pòórá láàárín t àti d'. Ibi tí dúdú bá wà, odidi ìṣísẹ̀ ni. Ibi tí kò sí, ààbọ̀ ni. Odidi, odidi, ààbọ̀, odidi, odidi, odidi, ààbọ̀: ohun tí sol-fa jẹ́ nìyẹn. Orúkọ tí a fún ohùn kọ̀ọ̀kan kàn ń rán wa létí ibi tó wà nínú ètò náà.

Ẹ fi wé àkàbà tí àyè àárín igi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, àmọ́ tí wọ́n ti kàn án pa. Ògiri tó bá wù yín lẹ lè gbé e tì. Bí ẹ bá fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sórí C, funfun nìkan lẹ máa tẹ̀. Bí ẹ bá gbé e lọ sórí G, ẹ ó tẹ G, A, B, C, D, E, àmọ́ nígbà tí ẹ bá dé t, F funfun kò ní gbà, nítorí ààbọ̀ ló wà láàárín E àti F, bẹ́ẹ̀ odidi ló gbọ́dọ̀ wà láàárín l àti t. Dúdú tó tẹ̀lé F lẹ máa tẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gá akọrin fi ń kéde pé orí G ni d wà lónìí. Àkàbà kò yí padà. Ògiri ló yí. Bí ó bá sì rí i pé àwọn ìyá kò lè dé òkè orin náà, á gbé e sórí F tàbí E, orin kan náà ni wọn ó ṣì kọ.

Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀? Orúkọ àwọn ohùn yìí ti pẹ́. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Guido, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan ní Arezzo, nílẹ̀ Ítálì, rí i pé ó ń gba àwọn ọmọ akọrin lákòókò gígùn kí wọ́n tó mọ orin tuntun. Ó mú orin Látìn kan tí ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan lókè èyí tó ṣáájú, ó yọ sílébù àkọ́kọ́ inú ìlà wọn: ut, re, mi, fa, sol, la. Ut yẹn ló padà di do.

Ẹni tó sọ ọ́ di ti ọmọ ilé ìwé ni Sarah Glover, ọmọ àlùfáà kan ní Norwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orin ìjọ, ó rí i pé ìlà márùn-ún tí wọ́n fi ń kọ orin ń dẹ́rù bà wọ́n, ó sì fi lẹ́tà lásán rọ́pò rẹ̀. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1835. Òun ló tún fi t rọ́pò si, kí lẹ́tà s lè dá dúró fún sol nìkan. Ní 1841, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣe ìpàdé ní Hull, wọ́n ní kí John Curwen, pásítọ̀ kan tí kò kàwé orin, lọ wá ọ̀nà tó rọrùn jù láti kọ́ ọmọdé lórin. Ó gbé ọ̀nà Glover, ó tún un ṣe, ó sì tàn án káàkiri. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ló ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ó bá wa lára mu: kò gba ju ṣọ́ọ̀kì àti pátákó lọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán sì lè tẹ̀ ẹ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ akọrin ìjọ nílẹ̀ wa ló ń ka d r m láìmọ ìlà márùn-ún kà, wọ́n sì ń kọ orin olóhùn mẹ́rin yanjú.

Ti fídíò yẹn wá ńkọ́? Ní Faransé, Ítálì, Spéènì àti Pọtogí, wọn kì í fi C, D, E pe bọ́tìnnì. Do ni wọ́n ń pe C, re ni wọ́n ń pe D, títí dé B tí wọ́n ń pè ní si. Níbẹ̀, do kì í kúrò lójú kan. Ọ̀nà yẹn ló dé orílẹ̀-èdè Benin àti Togo pẹ̀lú èdè Faransé, òun náà ni wọ́n ń lò ní Brazil àti Cuba. Nítorí náà, ọmọ tó ń kọ́ orin ní Kétu ti ilẹ̀ Benin á gbọ́ sol, á na ọwọ́ sí G. Ọmọ tó ń kọ́ ọ ní Ìṣẹ́yìn á gbọ́ s, á kọ́kọ́ bèèrè ibi tí d wà. Àwọn méjèèjì ló gba. Kí ẹ kàn má da méjèèjì pọ̀ fún ọmọ kan ní kíláàsì kan ni. Bí ẹ bá rí fídíò tó dára tó ń pe C ní do, ẹ sọ fún ọmọ pé orúkọ bọ́tìnnì ni wọ́n ń pè níbẹ̀, kí ó máa bá eré rẹ̀ lọ.

Ibi tí èdè àti orin ti kọlu ara wọn

Bí dò-re-mí méjèèjì ṣe yàtọ̀ tó yìí, ó níbi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn yé: ìgbà tí a bá fi Yorùbá kọrin.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ọkọ̀ mi ti dé." Ohùn rẹ̀ ni re dò re re mí. Ká ní ẹ fẹ́ fi orin sí i fún àwọn ọmọ. Ẹ lè kọ ọ́ ní s m s s l. Ẹ lè kọ ọ́ ní r d r r m. Ẹ lè kọ ọ́ ní m d m m s, níbi tí ohùn ti ń fò jìnnà. Gbogbo rẹ̀ ló gbà, nítorí pé nínú gbogbo rẹ̀ ni ohùn ti wálẹ̀ níbi tó yẹ kó wálẹ̀, tó sì gòkè níbi tó yẹ kó gòkè. Ó hàn nígbà náà pé mí inú èdè kò ní láti bọ́ sórí m inú orin. L ló bọ́ sí nínú èkíní, s ló bọ́ sí nínú ẹ̀kẹta.

Ẹ wá kọ ọ́ ní s s s s l. Ọkọ̀ ti di ọkọ. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì kẹrin á ti bú sẹ́rìn-ín kí ẹ tó parí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní s l s s l, ọkọ́ ti dé, ẹ jẹ́ ká lọ sóko. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó yára fi ìyàtọ̀ èdè àti orin han ọmọdé bí èyí. Ọmọ tó bá ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní dà wọ́n pọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ kò lo ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Àwọn akọrin wa kò le koko lórí èyí ní gbogbo ìgbà o. Níbi tí ọ̀rọ̀ tó yí i ká bá ti jẹ́ kí ìtumọ̀ hàn, wọ́n lè gbé ohùn gba ibòmíràn kí orin lè dùn, kò sì ní sí ẹni tó máa ṣì wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá yí padà: ohùn orin náà á yí díẹ̀ tẹ̀lé e. Orin ìjọ tó ti òkè òkun wá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn kan ni ẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń pín lò. Ká ní ohùn náà lọ láti m sí s níbì kan. Bí ó bá jẹ́ "Ẹ̀mí" ló wà níbẹ̀ nínú ẹsẹ kìíní, ó bọ́ sí i wẹ́kú, dò mí ni. Bí ó bá di ẹsẹ kejì, tí "Jésù" bọ́ sójú kan náà, Jèsú ni gbogbo ìjọ máa pè. Àwọn àgbà ti kọ ọ́ títí, etí wọn ò gbọ́ ọ mọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àmì ohùn lọ́jọ́ Ajé á gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ kí á tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Ní Abẹ́òkúta, àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tó gbé ayé láti 1855 sí 1930, ń fi ohùn orin ìbílẹ̀ ṣe orin ìjọ, kí ọ̀rọ̀ lè jáde bí a ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó lọ sí London ní 1922, ilé iṣẹ́ Zonophone gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin náà sínú àwo. Ní Èkó, Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ olórí akọrin ní kàtídírà Marina láti 1914 sí 1962, ṣe orin ìjọ tó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ̀wé lórí bí orin Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́. Tíṣà tó bá ń wá orin Yorùbá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní yí lẹ́nu ọmọ lè ti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀.

Kí ọmọ kọ́kọ́ kọ èwo?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń ṣe ni pé wọ́n á kọ méjèèje sí pátákó, wọ́n á fi ọ̀pá tọ́ ọ, àwọn ọmọ á pariwo d r m f s l t d', wọ́n á tún pariwo rẹ̀ padà. Lẹ́yìn sáà kan, wọ́n ti há orúkọ sórí bí wọ́n ṣe há ABD sórí. Ẹ wá ní kí ọ̀kan nínú wọn kọ s láìgun àkàbà náà láti ìsàlẹ̀. Kò ní lè kọ ọ́. Kíkà ni wọ́n kọ́ ọ, wọn ò tíì kọ́ ọ lórin.

Zoltán Kodály, olórin ilẹ̀ Họ́ngárì tó kú ní 1967, ní kí a fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀nà tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè, s àti m ni ọmọdé kọ́kọ́ ń kọ, l ló máa ń tẹ̀lé e, d àti r á wá dé lẹ́yìn. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọ́kọ́ fi orin ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ́nà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kecskemét, ìlú tí wọ́n bí i sí, ní 1950.

Fún àwa, mo rò pé ibi tí ó ti dùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ àwọn ọmọ fúnra wọn, nígbà tí tíṣà bá ń pe orúkọ láàárọ̀. Ẹ mú s àti m nìkan. Fẹ́mi ń wálẹ̀, mí re: s m. Ayọ̀ náà ń wálẹ̀, re dò: s m. Ṣadé ń gòkè: m s. Wálé dúró lójú kan: s s. Àdùkẹ́: m m s. Tíṣà á kọ orúkọ ọmọ, ọmọ á fi ohùn kan náà dá a lóhùn. Ẹ rí i pé orúkọ Fẹ́mi àti ti Ayọ̀ kò ní ohùn kan náà nínú èdè, síbẹ̀ orin kan náà gba méjèèjì. Nígbà tó bá wá kan Àjọkẹ́, ohùn méjì ò ní tó mọ́, nítorí dò re mí ni, ó fẹ́ ibi mẹ́ta. Níbẹ̀ ni l ti wọlé: m s l. Kò sí àlàyé tí tíṣà máa ṣe pé kí nìdí tí a fi nílò ohùn kẹta. Àjọkẹ́ ti ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni d àti r, ó di márùn-ún: d r m s l. Ohùn f àti t ṣì lè dúró. Àwọn méjèèjì yẹn ló ń mú ààbọ̀ ìṣísẹ̀ wá, ààbọ̀ ló sì máa ń yọ ọmọdé lẹ́nu. Carl Orff, olórin kan ní Jámánì, náà mọ èyí. Lórí àwọn ohun èlò onígi tó ń lò fún ọmọdé, èèyàn lè yọ f àti t kúrò títí dìgbà tí ọmọ bá tó o. Ọ̀pọ̀ orin tí àwọn ọmọ wa fi ń ṣeré ló ń gbé inú márùn-ún yìí láìṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló dúró síbẹ̀ o. Ẹni tó bá gbọ́ bí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣe ń gbe orin ní ohùn méjì á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀.

Ọwọ́ náà ṣiṣẹ́. Curwen ló ṣètò àmì ọwọ́ fún ohùn kọ̀ọ̀kan, Kodály gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Fún d, ẹ di ìkúùkù síwájú ìbàdí. Fún r, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ kí orí ìka kọjú sókè díẹ̀. Fún m, ẹ tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn ọwọ́ lókè. Fún f, ẹ da àtàǹpàkò kọ ilẹ̀. Fún s, ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí àyà yín. Fún l, ẹ jẹ́ kí ìka rọ̀ sílẹ̀ láti ọrùn ọwọ́. Fún t, ìka ìfábẹ̀lá ń tọ́ka sókè. D' tún padà di ìkúùkù, ó kù díẹ̀ kó dé òkè orí. Bí ohùn ṣe ń gòkè ni ọwọ́ ń gòkè, tó fi jẹ́ pé ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà lè rí orin. Ẹ kíyè sí i pé tíṣà Yorùbá náà máa ń fi ọwọ́ júwe òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Bí tíṣà méjèèjì bá wà nílé ìwé kan, kí wọ́n sọ fún ara wọn, kí ti èdè jẹ́ ọwọ́ títẹ́ lásán, kí ti orin jẹ́ èyí tó ní àmì.

Ẹ̀yin tíṣà ọkùnrin, mo bẹ̀ yín. Ohùn tó rọ̀ yín lọ́rùn wà nísàlẹ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ wọn kọrin dáadáa láàárín D tó wà lókè C àárín kíbọ́ọ̀dù àti A tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fi d yín sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn, ṣe ni wọ́n máa máa kùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹ ó sì máa sọ pé wọn kò mọ orin kọ. Ẹ gbé d sórí D yẹn, kí ẹ gbọ́ ìyàtọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ èwo ni ọmọ mú wálé kò ṣòro. Iṣẹ́ Yorùbá kì í kọjá mẹ́ta, ọ̀rọ̀ sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti orin máa ń ní àmì láàárín àwọn lẹ́tà: | s : m | s : m | l : s | m : – |. Ìlù ẹsẹ̀ ni àwọn àmì yẹn ń kà. Lẹ́tà tó tẹ̀lé ìlà tó dúró ṣánṣán ni ẹsẹ̀ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ gidi, èyí tó tẹ̀lé àmì oníkókó méjì fúyẹ́. Ìlà kékeré tó dùbúlẹ̀ ní kí ẹ fa ohùn tó ṣáájú lọ, kí ẹ má mí síbẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó ẹyọ kan láàárín lẹ́tà méjì, bíi s.m, wọ́n pín ìlù ẹsẹ̀ kan sí méjì ọgbọọgba nìyẹn. Bí ẹ bá rí lẹ́tà tí òòkan kékeré wà lábẹ́ rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Tí àmì bá wà lókè rẹ̀, ohùn òkè ni. Ẹ ní kí ọmọ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ìlù rẹ̀ láìkọrin rárá. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dúró dáadáa, kí ẹ fún un ní d láti ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ó máa lọ.